Ìyáàlù ni mo fi dán spíkà wò l'Ógbómọ̀ṣọ́ kí n tó sanwó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù kẹrin rèé tí mo ti ra spíkà Wharfedale Diamond tókunbọ̀ méjì sí yàrá tí mo ti ń gbọ́ orin nílé, gbogbo ẹni tó bá wá kí mi tó gbọ́ ọ ló ń bi mí pé níbo ni mo ti rà á, èló ni, kí ló dé tí ohùn rẹ̀ mọ́ tó báyìí nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ò ju páálí bàtà méjì tí wọ́n gbé lé ara wọn lọ. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí kó má di pé mò ń tún un sọ lójoojúmọ́. Èrò tèmi ni pé spíkà yẹn dáa, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á náà ṣe dáadáa sí mi, àmọ́ ká ní mi ò tún yàrá ṣe ni, owó yẹn ì bá ti wọgbó lọ pátápátá.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé ọmọ mi àgbà wọlé sí yunifásítì n'Ílọrin, yàrá ẹ̀ ṣófo, mo wá ní kí n sọ ọ́ di ibi tí n ó ti máa gbọ́ àpàlà àti jùjú nírọ̀lẹ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Mo ní hóòmù tíátà kan nígbà yẹn, irú èyí tó ní spíkà kékeré márùn-ún àti wúfà dúdú kan, èyí tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, tó máa ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi búra pé kò sírú ẹ̀. 12,000 watts ló wà lára páálí ẹ̀ gàdàgbà-gadagba. Tí mo bá tan án, gíláàsì wíńdò á máa gbọ̀n, mo dẹ̀ gbà pé ohun tí wọ́n ń pè ní spíkà gidi nìyẹn.

Bàbá onílù kan wà ládùúgbò wa, ọmọ Àyàn pọ́ńbélé ni wọ́n, wọ́n ti lé láàádọ́rin ọdún, àìmọye ìgbà ni wọ́n ti lu ìyáàlù láàfin Ṣọ̀ún. Wọ́n yà kí wa lọ́jọ́ kan lẹ́yìn Iléyá, mo wá fi ìlù dùndún kan sí i fún wọn, èyí tí kò ní gìtá kankan nínú, dùndún àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan. Mo rò pé inú wọn máa dùn. Wọ́n tẹ́tí títí, wọ́n fọwọ́ lérán, wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ariwo ẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ."

Mo ní, "Bàbá, ṣé kí n gbé e sókè díẹ̀ ni?"

Wọ́n ní, "Rárá o. Tó o bá gbé e sókè, ariwo náà ló máa lé sí i."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ìyáàlù kì í kàn ṣe nǹkan tó ń dún, ó ń sọ̀rọ̀ ni, dò, rè, mí bí ẹnu wa ṣe ń pe ọ̀rọ̀ gan-an ló ń tẹ̀ lé. Nígbà tí bàbá lọ tán mo jókòó, mo tún ìlù yẹn gbọ́, mo wá rí i pé ibikíbi tí onílù bá ti tú ọsán sílẹ̀ kí ohùn lè wálẹ̀, "gbùùù" kan náà ni hóòmù tíátà yẹn ń dún, dò ń dún bíi rè, rè ń dún bíi dò, bẹ́ẹ̀ ohùn kan ló yàtọ̀ láàrin ọ̀rọ̀ tó dáa àti èébú. Ṣaworo tó yí ojú ìlù ká, mi ò gbọ́ ọ rárá, àfi bí ẹni pé wọ́n ti já a dànù. Ẹ̀rọ yẹn ń jẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ìlù lẹ́nu.

Ilẹ̀ mọ́, mo yí i padà, mo ka àkọlé kékeré tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Power consumption 65W. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi rò ó: nǹkan tó ń fa watts 65 látinú iná, ibo ló ti fẹ́ rí 12,000 mú jáde? PMPO ni wọ́n ń pe ìṣirò orí páálí yẹn, kò sí òdiwọ̀n kan pàtó tó dì í mú, iye tó bá wu ẹni tó ń tẹ páálí ló lè kọ síbẹ̀. RMS ni kẹ́ ẹ máa béèrè, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ lè máa gbé jáde láìsinmi. Tí RMS 40 fún ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹ́ òótọ́, ó ti pọ̀ fún yàrá kan nínú ilé. Ẹ tún wo dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó) tí wọ́n kọ fún spíkà, bíi 86 tàbí 89 tàbí 92, ìyẹn bí ohùn ẹ̀ ṣe máa lọ sókè tó tẹ́ ẹ bá fún un ní watt 1 péré tẹ́ ẹ sì dúró ní mítà 1 sí i. Èyí tó bá fi 3 ju èkejì lọ, ìdajì agbára àmpù (ẹ̀rọ tó ń fún spíkà lágbára) ló máa nílò kó tó ké bákan náà. Nítorí náà, watts tó pọ̀ kọ́ ló ń sọ pé spíkà dáa, mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń fowó ẹ̀ ra nǹkan mọ ìyẹn, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ jù.

Mo kọ́kọ́ lọ Ìlọrin torí kò jìnnà sí wa. Ṣọ́ọ̀bù tí mo wọ̀ níbẹ̀ dán gbinrin, àmọ́ wọn ò jẹ́ kí n tan nǹkan kan, wọ́n ní tí mo bá ti tan án mo ti rà á nìyẹn. Mo bá yíjú padà. Ta ló ń ra ìlù láìjẹ́ pé ó fọpá kàn án? Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ tíṣà ló wá júwe ọkùnrin kan fún mi lágbègbè Tákìé níbí, tó ń ta tókunbọ̀ tó sì ń tún un ṣe. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ò wuyì lójú o, àmpù lórí àmpù títí dé òrùlé, òórùn léèdì tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀, kò sí fáànù. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí kò ní kí n dárúkọ òun, àmọ́ ẹni tó bá dé Tákìé tó béèrè ẹ̀gbọ́n tó ń tún àmpù ṣe, wọ́n á júwe ẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ wù mí lára ẹ̀ ni pé kò béèrè iye tó wà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, yàrá yín fẹ̀ tó báwo? Kí lẹ sábà máa ń gbọ́? Ibo lẹ ó máa jókòó sí?" Mo sọ fún un pé ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 ni, mo ní àpàlà, jùjú, dùndún, àti ohùn èèyàn. Ó mi orí, ó ní spíkà tí wúfà ẹ̀ tó ínṣì 12 máa pọ̀ jù fún irú yàrá bẹ́ẹ̀, pé kí n má kó gáànù tí wọ́n fi ń pa erin wọ inú yàrá. Ẹni tó ní spíkà ńlá tó fẹ́ tà ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o. Látìgbà yẹn ni mo ti fọkàn tán an.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń yẹ tókunbọ̀ wò, torí ó wúlò fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ibòmíì lẹ ti fẹ́ rà á. Ó mú bátìrì rìmóòtù kan, 1.5V lásán, ó so wáyà méjì mọ́ ọn, ó wá fi orí wáyà kan ẹ̀yìn spíkà fẹ́ẹ́, kíá ló mú un kúrò. Spíkà dún "pọ́", kónù wúfà, ìyẹn ojú ẹ̀ tó ń mì, yọ síta díẹ̀ ó sì padà sáyè ẹ̀. Ó ní tí pọ́sítífù bátìrì bá kan pọ́sítífù spíkà, ó gbọ́dọ̀ yọ síta. Tó bá wọ inú lọ, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti tú u rí tó sì so wáyà ẹ̀ sódì. Lẹ́yìn náà ó fi ìka mẹ́rin tẹ kónù náà yíká, jẹ́jẹ́, ó ní kí n gbé etí sún mọ́ ọn. Kò gbọdọ̀ ha wárawàra. Tó bá ń ha, kóìlì inú ẹ̀, ìyẹn wáyà tí wọ́n ká, ti tẹ̀. Ó fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná sí i, ó ka ohms 5 àti díẹ̀. Spíkà tí wọ́n kọ 6 ohms sí lẹ́yìn, bó ṣe yẹ kó kà nìyẹn, díẹ̀ sísàlẹ̀ iye tí wọ́n kọ. Tí mítà ò bá kà rárá, ó ti jó nìyẹn, kí ẹ gbé e sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ.

Èyí tó ká mi lára jù ni etí wúfà. Ó mú mi dé ibi spíkà arẹwà kan tí pákó ẹ̀ ń dán, ó fi èékánná kàn án létí, fóòmù tó wà níbẹ̀ sì rún sílẹ̀ bí ìpẹ́pẹ́ àkàrà tó ti pẹ́. Fóòmù etí wúfà kì í sábà ju ọdún 10 sí 15 lọ kó tó kú, ooru àti ọ̀rìnrìn ilẹ̀ wa ò sì ràn án lọ́wọ́. Èyí tí etí ẹ̀ bá jẹ́ rọ́bà ló ń pẹ́. Wọ́n lè pààrọ̀ fóòmù o, òun náà máa ń ṣe é, àmọ́ ẹ yọ owó yẹn kúrò nínú iye tẹ́ ẹ máa san.

Fláàṣì ni mo gbé lọ. Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀: ìlù dùndún tí bàbá ò gbọ́ yẹn, àpàlà àtijọ́ kan tí agídìgbo wà nínú ẹ̀ dáadáa, àti ẹkún ìyàwó tí àǹtí mi sun níbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tí mo gbà sílẹ̀ fúnra mi. Ìkẹta yẹn ṣe pàtàkì. Ohùn àǹtí mi ni mo fi dàgbà, kò sẹ́ni tó lè tàn mí lórí ẹ̀. Orin tí wọ́n bá fi dán an wò fún yín nínú ṣọ́ọ̀bù, èyí tí wọ́n ti mọ̀ pé á dùn ni, ẹ má gbára lé e.

Àkọ́kọ́ tó tàn fún mi ni spíkà ńlá ẹlẹ́nu mẹ́ta kan, wúfà ínṣì 10. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ patẹ́wọ́. Ìlù dùn lórí ẹ̀ lóòótọ́, ó kún, ó wúwo, àmọ́ nígbà tí ẹkún ìyàwó bẹ̀rẹ̀, àǹtí mi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó korí bọ ìkòkò. Mi ò tíì sọ nǹkan kan tí ẹ̀gbọ́n yẹn fi ní, "Twítà apá òsì ti kú, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé etí yín ni." Mo gbé etí lé twítà náà, èyí tó ń gbé ohùn tín-ín-rín, òótọ́ ni, pẹ̀ẹ́ ló dákẹ́.

Ìkejì ni KEF kan, àwọn ará Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti ń ṣe spíkà láti 1961. Láti 1988 ni wọ́n ti ń fi twítà sí àárín gbùngbùn wúfà lórí àwọn kan, Uni-Q ni wọ́n ń pè é, kí ohùn tín-ín-rín àti ohùn tó nípọn lè máa ti ojú kan náà jáde. Kò sí irọ́ ńbẹ̀. Àǹtí mi dúró sáàárín spíkà méjèèjì bí ẹni pé mo lè nawọ́ kàn án, ó mú orí mi wú. ₦320,000 ni ó pè é, kò sì dín in ju ₦290,000 lọ. Apá mi ò ká a.

Ìkẹta ni mo rà. Wharfedale Diamond, kékeré, wúfà ínṣì 5, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tẹ̀ roboto díẹ̀, rọ́bà wà létí ẹ̀, ìlà fífá kan wà lórí ọ̀kan tí mi ò bìkítà fún. Agídìgbo ló kọ́kọ́ mú mi. Ẹ mọ̀ pé ahọ́n irin ló wà lára ẹ̀ tí wọ́n ń fìka ta. Mo gbọ́ bí ìka ṣe kan irin, mo gbọ́ irin, lẹ́yìn náà mo gbọ́ àpótí pákó tó dáhùn, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ahọ́n kọ̀ọ̀kan ní ohùn tiẹ̀. Ìyáàlù wọlé, ṣaworo sì ń tẹ̀ lé e, wínrínwínrín, gbogbo ìgbà tí ọwọ́ onílù bá lọ tó bá bọ̀. Nígbà tó kan ẹkún ìyàwó, mo gbọ́ bí àǹtí mi ṣe fa èémí kó tó gbé e, nǹkan tí mi ò gbọ́ rí látìgbà tí mo ti ń gbọ́ ọ lórí fóònù. Omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú mi nínú ṣọ́ọ̀bù onílé. ₦210,000 ló pè é, a nájà á títí tó fi gba ₦165,000, ó fi wáyà jàrá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa àwọn Wharfedale yìí. Gilbert Briggs ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1932 ní Yorkshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àfonífojì odò Wharfe lágbègbè yẹn ló fi sọ ọ́. Lọ́dún 1954 ọkùnrin yìí gba gbọ̀ngàn Royal Festival Hall ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kó àwọn olórin sórí ìtàgé, ó tún gbé spíkà síbẹ̀, wọ́n á ṣeré lójúkojú, wọ́n á sì gbé èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ sí i, kí àwọn èèyàn lè fi etí ara wọn wé e. Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ balẹ̀ lórí iṣẹ́ ẹ̀ nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní báyìí Ṣáínà ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n, tẹ́ ẹ bá rí i lẹ́yìn ẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ayédèrú ni.

Alẹ́ ọjọ́ tí mo gbé e délé ò dùn. Mo so ó, mo tan án, ìsàlẹ̀ ohùn ò sí, ohùn àǹtí mi sì ń ti gbogbo ibi wá, mi ò mọ ibi tó dúró sí. Ọkàn mi já. Mo pe ẹ̀gbọ́n oníṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n wo wáyà pupa àti dúdú lẹ́yìn spíkà kọ̀ọ̀kan. Mo ti so ọ̀kan sódì. Tí ọ̀kan bá ń yọ síta nígbà tí èkejì ń wọlé, wọ́n á máa pa ohùn ara wọn ni, ohùn ìsàlẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ń lọ. Mo tún un so, gbogbo ẹ̀ padà sípò.

Àmọ́ "gbùùù" ọjọ́sí ṣì wà níbẹ̀ díẹ̀ o. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ spíkà mọ́, yàrá ni. Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà, torí ọ̀pọ̀ wa ló máa ń pààrọ̀ spíkà lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tó jẹ́ pé ibi tó gbé e sí ni ìṣòro. Ẹsẹ̀ bàtà 12 jẹ́ mítà 3.66. Ohùn ń rìn nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tẹ́ ẹ bá ṣe ìṣirò ẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ kan wà, ní nǹkan bíi 47 Hz (ìyẹn ìgbà 47 tó ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan), tó jẹ́ pé àlàfo àárín ògiri sí ògiri gba ìdajì ìgbì ẹ̀ géérégé, á máa lù padà sí ara ẹ̀, á wú ju àwọn yòókù lọ. Nígbà tí yàrá bá wá gùn tó bó ṣe fẹ̀, ohùn kan náà yẹn ni ògiri iwájú òun ẹ̀yìn máa wú, òun náà ni ti ọ̀tún òun òsì máa wú. Bẹ́ẹ̀ 12 sí 12 ni ọ̀pọ̀ yàrá tí wọ́n ń kọ́ fún wa. Tẹ́ ẹ bá ní yàrá tó gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ, èyí ni kẹ́ ẹ lò.

Ní tèmi, mo kọ́kọ́ fa spíkà kúrò ní kọ̀rọ̀, torí kọ̀rọ̀ ló ń jẹ́ kí "gbùùù" pọ̀ jù. Mo fi wọ́n sí ẹsẹ̀ bàtà 2 àbọ̀ sí ògiri ẹ̀yìn wọn. Ẹsẹ̀ bàtà 6 ló wà láàrin àwọn méjèèjì, ẹsẹ̀ bàtà 6 náà ló wà láti ọ̀kọ̀ọ̀kan dé orí mi, ká sọ pé ààrò mẹ́ta, èmi ni ẹ̀kẹta. Àga mi ò sí láàrin yàrá gan-an, torí àárín gbùngbùn ni ohùn 47 yẹn ti ń sọnù. Kò sì fara ti ògiri, torí ibẹ̀ ló ti ń wú. Mo to búlọ́ọ̀kù ínṣì 6 mẹ́ta-mẹ́ta lérí ara wọn, mo tẹ́ pákó lé e, mo gbé spíkà lé e, kí twítà lè ṣe déédéé etí mi nígbà tí mo bá jókòó. Ẹ ò lè mọ ìyàtọ̀ tí ìyẹn ń ṣe àfi tẹ́ ẹ bá dìde dúró kẹ́ ẹ tún jókòó.

Lẹ́yìn náà ni mo wá patẹ́wọ́. Mo dúró láàrin yàrá, mo pa á lẹ́ẹ̀kan, "pá", mo sì gbọ́ "ín-ín-ín" tó ń sáré lára ògiri. Táìsì nílẹ̀, símẹ́ńtì lára ògiri, kò sí ohun tó lè gba ohùn mu. Mo tẹ́ rọ́ọ̀gì tó nípọn láàrin èmi àti spíkà, mo pààrọ̀ kọ́tìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí èyí tó wúwo, mo gbé ìwé mi gbogbo wá sí ẹ̀yìn àga, ìwé tó tò ségesège máa ń fọ́n ohùn ká dáadáa. Ìyá àwọn ọmọ mi bá mi gbé dígí, mo jókòó sórí àga, wọ́n ń sún un lọ lára ògiri ẹ̀gbẹ́, ibi tí mo bá ti rí twítà nínú dígí, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ohùn ti ń ta padà sí mi létí. Mo gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́, mo fi aṣọ òfì tí wọn ò ró mọ́ bò ó, mo so ó kọ́ síbẹ̀. Òógùn wa bọ́ lọ́jọ́ náà, àmọ́ kò ju ₦40,000 lọ tí mo ná sórí yàrá, mo sì búra pé ohun tó ṣe fún mi ju ìyàtọ̀ tó wà láàrin Wharfedale àti KEF yẹn lọ. Fóòmù tín-ín-rín ò lè mú ohùn ìsàlẹ̀ o, ti òkè nìkan ló ń mú. Èyí tó nípọn ni mo dì mọ́ kọ̀rọ̀ méjèèjì ẹ̀yìn spíkà, ó dín "gbùùù" kù, kò pa á tán.

Lórí iná, ọ̀rọ̀ kékeré. Àmpù tókunbọ̀ tó bá ti Jàpáánì wá, 100V ni wọ́n ṣe é fún, ti Amẹ́ríkà 120V, tiwa lé ní 220V. Ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ojú mi ni ti ọ̀rẹ́ mi fi rú èéfín. Tẹ́ ẹ bá ń lo inverter tí kì í ṣe pure sine wave, ìyẹn èyí tí iná ẹ̀ ń lọ geere bíi ti NEPA, àmpù lè máa kùn hùùù láìdákẹ́. Wáyà ilé 2.5mm lásán ni mo fi so spíkà, ẹ kàn fi bíléèdì ha á, tí inú ẹ̀ bá funfun, kì í ṣe kọ́pà pọ́ńbélé. Ọyẹ́ náà á dé, eruku á bo kónù, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kẹ́ ẹ fi gbá a, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kékeré kankan fìka tẹ twítà wò, torí kì í padà yọ dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo lọ bẹ bàbá onílù kí wọ́n wá. Wọ́n gbé ìyáàlù wọn kọ́ èjìká bọ̀, mo fún wọn ní àga mi, mo dúró lẹ́yìn. Mo fi ìlù kan náà yẹn sí i, mi ò gbé e sókè. Wọn ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá mo rí i tí ìka wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kan itan wọn, ni wọ́n bá ń pe ọ̀rọ̀ ẹ̀ jáde bó ṣe ń bọ̀: "Ó ń kí wọn. Ó ní ẹ kú ìjókòó. Ó tún un sọ. Ó ń bi wọ́n pé ṣé ẹ gbọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá fa ojú ro díẹ̀, wọ́n ní, "Awọ onílù yìí ti rọ̀ lọ́jọ́ tó lù ú. Òjò ló rọ̀, kò sá a sóòrùn tó." Ẹ̀yin èèyàn mi, ara mi bù máṣọ. Ìlù tí wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ rárá lọ́jọ́sí, wọ́n ti ń gbọ́ ojú ọjọ́ nínú ẹ̀ báyìí.

Wọ́n wá fa ìyáàlù tiwọn yọ, wọ́n lù ú nínú yàrá yẹn, wọ́n ki àwa ọmọ Ajílété díẹ̀. Òótọ́ ni òótọ́ ń jẹ́, ìlù gidi ṣì fi spíkà sílẹ̀. Bó ṣe ń gbá àyà ẹni, bí ọ̀pá ṣe ń já lu awọ wàì, spíkà ínṣì 5 ò lè gbé gbogbo ìyẹn. Bàbá ní, "Ó kù díẹ̀, àmọ́ kò sí ọ̀rọ̀ kan tí mi ò gbọ́." Ìyẹn ti tó mi.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ pé fújì olóde àríyá lẹ fẹ́ máa gbọ́, tẹ́ ẹ fẹ́ kí ilẹ̀ máa mì, kì í ṣe spíkà yìí. Tí pálọ̀ yín bá tóbi, tẹ́ ẹ ó máa jókòó jìnnà sí i ju mítà 3 lọ, ó máa kéré jù, ẹ wá èyí tó ga tó ń dúró sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Ìsàlẹ̀ gìtá béèsì nínú jùjú, ó máa ń gbé e, àmọ́ ohùn tó lọ sísàlẹ̀ pátápátá á kàn ṣe bí ẹni kọjá lójú wíńdò. Ẹni tó bá fẹ́ràn ohùn èèyàn, ìlù tó ń sọ̀rọ̀, àti yàrá kékeré, mo dúró fún un.

Ti ṣọ́ọ̀bù náà, ohun tí mi ò fẹ́ níbẹ̀ ni pé kò fúnni ní rìsíìtì àfi tẹ́ ẹ bá béèrè, ọ̀sẹ̀ kan péré ló fi ń dúró fún ọjà, kò sì sí àga láti jókòó gbọ́ nǹkan, ìdúró ni mo wà fún wákàtí méjì. Mo sọ ọ́ fún un, ó ní òun á ra àga. Ó máa ń pẹ́ kó tó ṣí, tó aago mẹ́wàá. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ gbé ohùn ẹnì kan tẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa lọ́wọ́ sórí fláàṣì, ẹ má sì lọ lọ́sàn-án Jímọ̀, torí ó máa ń tì í lọ kírun, aago mẹ́ta ló sì máa ń tún un ṣí.